Oyin Ẹ̀yìn Ewé

Oṣù Kẹsàn-án ni, ní Sàmárù lẹ́bàá Sáríà,
ẹ̀wà Màláàmù Habu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná,
iná ewé ti bò ó,
dúdú bí ìgbà tí ènìyàn da ẹ̀tù ìbọn sára igi.
Iná tí kì í jó,
síbẹ̀ ewé ń ká kò.

Wọ́n ki ẹnu bọ iṣan ewé, wọ́n ń mu.
Ẹni tó bá mu á tọ̀:
omi ṣúgà ń kán tó, tó, sórí ewé ìsàlẹ̀
títí ewé fi ń dán bí iwájú orí ẹni tó fi àdí para.
Èèrà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́.
Habu fi ìka tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín.
“Oyin ni,” ó ní, ní Haúsá.

Ṣùgbọ́n oyin kì í dá gbé.
Àwọn ẹ̀dá tí ojú ò tó
bá afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, òmíràn bá a jáde láti inú ikùn iná gan-an;
wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń mí,
èémí wọn di òórùn
tí imú tèmi ò gbọ́,
tí eṣinṣin abilà, tó jọ oyin tí kì í ta ni,
gbọ́ láti ìkángun oko kejì.
Ó wá. Ó dúró sójú òfuurufú
bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ara ilé,
ó yé ẹyin kan sáàárín agbo iná.
Ọmọ rẹ̀ kò ní béèrè oúnjẹ:
orí oúnjẹ ni wọ́n bí i sí.

Iná ewé ò sọ̀rọ̀.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ló pe ọdẹ.

Ní ilé àyẹ̀wò, Rakíyà ní ká dán an wò.
A pín oyin náà sí abọ́ méjì,
a se ọ̀kan títí tó fi hó.
Adùn ò yàtọ̀; mo tọ́ méjèèjì wò ní kọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kejì eṣinṣin mẹ́rìnlá wà lórí èyí tí a ò sè.
Ọ̀kan ṣoṣo lórí èkejì,
ìyẹn náà dà bí ẹni tó ṣìlé yà.

Mo dákẹ́. Rakíyà rò pé mò ń kà wọ́n.
Kótù bàbá mi ni mò ń rò,
kótù káàkí iṣẹ́ rélùwéè,
èyí tó wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e kúrò ní Ọ̀fà:
gíríìsì, òógùn, obì.
Lọ́dún tó kú, ológbò wa ń sùn lé e lálaalẹ́.
Mo ní ó dọ̀tí.
Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì,
mo sá a sínú ọyẹ́.
Ológbò fi imú kàn án,
ó wò mí,
ó jáde.

Ta ló ń gbé lára rẹ̀ nígbà náà
tí mò ń pè ní Bàbá?

Ìyá mi ò kàwé. Bó bá fi ewé bo irú,
á ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́.”
Mo bi í pé, “Àwọn wo?”
Ó ń wá ìdérí ìkòkò.

Habu fẹ́ ra oògùn apakòkòrò.
Mo ní kó mú sùúrù di Jímọ̀.
Abọ́ tí a ò sè ṣì wà lójú fèrèsé.
N ò tíì fọ̀ ọ́.