Òdòdó Ilá Kì í Jí Lẹ́ẹ̀mejì

Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ fún ọmọ aráyé pé,
"Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Má ṣẹ́jú."
Ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà, níwájú aṣọ búlúù tí oòrùn ti jẹ láwọ̀,
akẹ́kọ̀ọ́, ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà,
gbogbo wọn dúró fún mi ṣinṣin bí òpó.
Nísinsìnyí, kálukú ti ń ya ara rẹ̀.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò ata.

Mo wá ń kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa l'Ókè-Baálẹ̀,
aago méje àárọ̀, ìrì ṣì wà lórí ewé,
eékún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Fóònù Fárúùkù ọmọ-ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ mi,
òun ló so awò kan mọ́ ọn lójú,
awò tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ.
Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ tún sún mọ́ ọn.
Títí ẹ ó fi rò pé ẹ ti fẹ́ wọ inú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ inú òdòdó ilá.

Mi ò mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀.
Ògiri rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè,
ìyẹ̀wù rẹ̀ pọ́n kuku, ó fẹ́ẹ̀ dúdú, bí sóbò tó sùn mọ́jú.
Òpó kan dúró láàárín,
àtíkè kún ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.
Èèrà kan ń gòkè lára òpó náà, kò yà fún mi;
ó wò mí bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kanlẹ̀kùn.

Mo ní, "Má mira." Atẹ́gùn ní irọ́ ni.
Mo di èémí mú. Òdòdó ń mì ní tirẹ̀.
Fọ́tò kìn-ín-ní: òkùnkùn. Ìkejì: kùrukùru.
Ìkẹta: àtàǹpàkò mi.
Ogójì ọdún!
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ mi kankan kọjá lójú ọ̀nà.

Patanmọ́ kọ̀ jálẹ̀.
Òdòdó rẹ̀ ṣù róbótó, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ètè ọmọdé.
Èémí mi lásán ló kàn án,
ló bá kó gbogbo ewé rẹ̀ mọ́ra
bí obìnrin tí wọ́n já lù ní balùwẹ̀.
Mo tọrọ gáfárà, mo gbójú kúrò.
Tannápoṣó ní kí n padà wá nírọ̀lẹ́,
òun kì í gbàlejò kí oòrùn tó rọlẹ̀.
Òdòdó ata ní tirẹ̀ dorí kodò,
ẹni tó bá fẹ́ rójú rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀.
Mo dọ̀bálẹ̀.
Ibẹ̀ ni Rábí ti bá mi.

"Ṣé ẹ ṣubú ni?"
"Rárá."
"Kí lẹ wá ń wá nílẹ̀?"
N kò mọ ohun tí mo lè pè é.
Ó wo fóònù, ó wo ilá, ó wò mí.
Ó ní òdòdó ilá kì í jí lẹ́ẹ̀mejì,
èyí tó là láàárọ̀ yìí, yóò ti pajú dé
kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì.
Ó wá nawọ́ kọjá níwájú awò,
ó fẹ́ ṣẹ́ èyí tó ti tó sè.

Mo tẹ̀ ẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Òdòdó ti sá sẹ́yìn, ó di èéfín.
Ohun tó hàn kedere ni ìka ìyàwó mi:
ilà rẹ̀ yí po, yí po, bí odò tí òkúta bọ́ sí,
àpá ọ̀bẹ ọdún tí a bí Táíbátù,
àti irun ilá wẹ́wẹ́ tó há sí awọ,
tí kò sọ fún ẹnì kan rí pé ó ń yún òun.

Mo ti ya Òṣogbo tán.
Mo ti ní kí òun náà gbé àgbọ̀n sókè, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.
N kò sún mọ́ ọn tó báyìí rí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó."
Ó wò ó, ó pẹ́.
"Ilá náà dà?"

Tannápoṣó là nírọ̀lẹ́, kò rí mi.
Mo wà nídìí àtùpà, mo ń fi awò Fárúùkù
ṣa irun ilá lọ́wọ́ Rábí.