Ìwé Ìròyìn Ìgbà Òtútù

Aago mẹ́rin àbọ̀ ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Pentre Helyg.
Mo jókòó ní ọ́fíìsì káńsù,
mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹ̀rọ amúlégbóná láàárín,
mo ń tẹ ìwé ìròyìn tí yóò wọ ihò lẹ́tà
ilé igba ó lé mọ́kànlá.

Ìkínní: afárá òkè odò ṣì wà ní títì.
Omi ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹwàá.
Ẹnjiníà tó wá wò ó mi orí, ó wọ mọ́tò,
a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.
Èyí n kò kọ. Mo kọ ọ́ pé: a ń ṣe é lọ́wọ́.

Ìkejì: ilé ìkàwé yóò ṣí yàrá gbígbóná
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.
Tíì ọ̀fẹ́ ni, bisikíìtì ọ̀fẹ́ ni.
Ẹ má mú ajá wá, àfi ajá Heulwen,
tó ti darúgbó kọjá kó bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìkẹta: iyọ̀.
Tọ́ọ̀nù mẹ́rin la bèèrè, tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ ló dé.
Iyọ̀ tí à ń bẹ̀ pé kó má wọ̀n nínú ọbẹ̀,
níbí, ojú títì la fi ń bọ́.
A máa lá a lóru bíi màlúù,
bí ilẹ̀ bá mọ́, ebi ti tún ń pa á.

Orí iyọ̀ yìí ni ọwọ́ mi dúró sí.
Lọ́dọọdún, kí oṣù kọkànlá tó pé ọ̀sẹ̀ kan,
Idwal Pritchard á ti pè:
"Àpótí iyọ̀ òkè wa ṣófo. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?
Ṣé owó orí tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn ará ìsàlẹ̀ ni?"
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń pè mí, kò kí mi rí.
Lọ́dún yìí, fóònù dákẹ́.
Mo sì ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Ẹ ò rí ìwà.

Ìkeje: ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yọjú sí aládùúgbò yín.
Gbólóhùn kan náà ni mo ń dà kọ láti ọdún dé ọdún,
n kì í tilẹ̀ kà á mọ́.
Mo wo ọ̀rọ̀ náà.
Ọ̀rọ̀ náà wò mí.
Mo mú kóòtù.

Yìnyín ti bo ọ̀nà òkè, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin;
mo ń di ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.
Àpótí iyọ̀ kún dẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bù ú.
Iná kankan kò tàn.
Mo kan ilẹ̀kùn. Mo tún un kàn. Ó pẹ́.
Ó yọ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, fìlà lórí,
bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè,
inú ilé tó ti jáde sì tutù ju ìta lọ.
Káàdì iná ti tán láti ọjọ́ Àìkú.
"Àwọn tí kò ní ni yàrá gbígbóná yín wà fún," ó ní,
"n kò sí lára wọn."
Ó wo ẹsẹ̀ mi.
"Bàtà yẹn kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ gun òkè."

Mo lọ ra káàdì. Mo gbé omi kaná.
A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òru ni mo parí ìwé náà,
Aneurin ọmọ àbúrò mi sì fi ẹsẹ̀ pín in kárí.
Ìgbà tó pín in tán ni mo rántí:
n kò kọ ọjọ́ ìkólẹ̀ ọ̀sẹ̀ Kérésì sí i.

Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjì, fóònù dún.
Kò kí mi.
"Garawa wo ló ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì,
dúdú ni àbí aláwọ̀ ewé?
Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi lẹ gbé iṣẹ́ yìí fún ni?"
Mo jókòó, mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn.
Ohùn rẹ̀ gbóná.