Ìsìn Ọ̀pẹ

Àmì kan ṣoṣo ló fò kúrò lórí ẹ,
ó lọ bà lé ọ, ó sì dorí kodò,
ni igba ìwé ìsìn bá di ohun ìdáná.
Ìdílé Ṣówándé fẹ́ dúpẹ́ pé bàbá wọn jí,
iwájú ìwé sì ń pariwo ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà:
ÌSÌN Ọ̀PẸ.
Àkọ́bí wọn wò mí títí.
"Ìyá Láńre, ṣé igi ọ̀pẹ la fẹ́ lọ sìn ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Kò sanwó.

Ojú mi ni. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ náà ni,
ojú tiẹ̀ ti ṣú bí ọ̀sán tí òjò fẹ́ rọ̀.
Mo gba owó àjọ, mo dorí kọ Ìkẹjà.

Múfútáù gbé méjì kalẹ̀ sórí gíláàsì.
Ọ̀kan fẹ̀ bí àwo ẹran iléyá,
íńṣì mẹ́tàdínlógún,
mo rí àmì orí lẹ́tà inú rẹ̀ kedere
bí ẹyẹ lórí wáyà iná.
Èkejì tín-ín-rín, kò wúwo ju páńla kan lọ.
Wákàtí mẹ́wàá ni bátìrì rẹ̀ ń lò, ó ní,
ti ńlá yẹn kì í lò ju mẹ́ta lọ
kó tó máa bẹ̀bẹ̀ fún iná.

Ojú mi ní: ńlá ni.
Èjìká mi ní: ìwọ ojú, ṣé ìwọ lo máa gbé e?
Ta ló ń gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin ní Apọ́ngbọ̀n
lọ bá àwọn tó ń tẹ káàdì?
Ojú ní: tí n kò bá ríran, kí lẹ ń gbé kiri?
Wọ́n ń jà lórí mi bí ọmọ ìyá
lórí ilẹ̀ tí baba kò pín kó tó kú.

Múfútáù kó ńlá náà sápò, ó fi kọ́ mi léjìká.
"Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, kẹ́ ẹ padà."
Ogójì ìṣísẹ̀, kò sí wàhálà.
Ọgọ́rùn-ún, okùn àpò ti ń bá egungun mi sọ̀rọ̀.
Kí n tó padà dé,
mo ti mọ gbogbo kìlógíráàmù inú rẹ̀ lórúkọ.

Mo ra kékeré.
Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Nílé, ní Ṣómólú, iná lọ, mo ṣí i.
Lẹ́tà inú rẹ̀ dà bí èèrà tó ń kó ṣúgà lọ.
Mo rẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kí n sunkún.
Láńre ní, "Ẹ sọ wọ́n di ńlá."
Mo sọ wọ́n di ńlá, mo tún sọ wọ́n di ńlá,
títí ojú rẹ̀ kò fi gba ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ.
Ọ̀rọ̀ kan á wọlé, á kí mi,
bí aláìsàn níwájú dókítà.
Mo yẹ orí rẹ̀ wò, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò,
kí n tó ní kó máa lọ.

Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, n kò ní purọ́.
Ìwé ọjọ́ kan ti di ti ọjọ́ mẹ́ta.
Lóru mìíràn mo máa ń rántí ńlá yẹn, ojú rẹ̀ gbàgàdà,
á wá ṣe mí bí ẹni tó kọ ọkọ olówó sílẹ̀.

Lánàá, ní Apọ́ngbọ̀n, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kí n mí,
mo ṣí i lórí itan.
Àwọn Ṣówándé ti padà wá: bàbá pé ọdún kan tó jí.
Mo dúró lórí Ọ. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀.
Mo dúró lórí Ẹ́, mo fi ìka kàn án.
Ó bà síbẹ̀, kò fò.

Ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."
Mo pa á dé, mo kì í sí abíyá,
mo yà.