Ojú Ìwé Tó Ṣófo

Ọdún mọ́kànlá ni Ṣówèmímọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi ń de nọ́ọ̀tì mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò
ní Nàgóyà, nílẹ̀ Jàpáánì.
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ló dé Òkè-Ìjẹ̀mọ̀.
Kò kó góòlù, kò wa ọkọ̀.
Àpótí kan ló gbé sọ̀kalẹ̀, ó wúwo bí àgbò Iléyá,
máíkì méjì wà nínú rẹ̀ tó fi táwẹ̀lì wé bí ọmọ tuntun.

"Karaòkè nìyí, Ìyá."

Ìyá wo àpótí. Ó wo àpáta tó yọrí lẹ́yìn ilé.
"Ká ra òkè?
Ta ló ń tà á? Èló ni wọ́n pè é?
Abẹ́ òkúta la wà yìí,
a ò tíì san owó abẹ́ tán,
òkè wo la tún fẹ́ rà?"

A rẹ́rìn-ín títí ajá aládùúgbò fi gbó.

Ṣùgbọ́n ìwé tó bá àpótí náà wá ni mo fẹ́ sọ.
Ìwé pélébé, òógùn ọwọ́ ti mú ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀.
Ó ní ní alẹ́ Sátidé, òun àtàwọn ará ibi iṣẹ́ a máa ta ayò kan:
wọn a mú ìró kan,
kálukú á wá orin tó fi ìró náà bẹ̀rẹ̀,
ẹni tí orin bá tán lẹ́nu rẹ̀ ni yóò sanwó ẹja.
Bí àlejò ò bá fẹ́ san owó ẹja títí ayé, á kọ́wèé.
Ojú ìwé kan fún KA, òmíràn fún SA,
NA, HA, MA, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.
Lẹ́tà tiwa ló fi kọ orin tiwọn,
ó fi àmì ohùn sí i lókè àti nísàlẹ̀
bí ẹni bu àbàjà fún àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ náà pọ̀ ni iná lọ.
Dúnsìn ní kí a ta á báyìí, ẹnu kì í lo iná.
A ká bébà sínú abọ́, a mú ọ̀kan. KA.

Fẹhíntọlá ìyàwó mi kọ orin ìjọ kan, "Ká" ló fi bẹ̀rẹ̀.
Mo kọ tèmi, "Kà" ni.
Dúnsìn fò sókè: "Rárá o!
Ẹni tó ń ká ọsàn àti ẹni tó ń ka owó,
ṣé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe?"
Ṣówèmímọ́ họrí.
Ó ní lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò bi òun léèrè yìí rí.

Orin tètè tán lẹ́nu wa.
Ọ̀rọ̀ wa kì í já wọlé bẹ́ẹ̀,
À, Ẹ̀, Ọ̀ ló kọ́kọ́ ń pè lẹ́nu ọ̀nà, bí àlejò tó ń kágò.

Mo ṣí ìwé náà dé ìparí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.
N ni wọ́n kọ sókè. Ìsàlẹ̀ funfun.
"Kò sí orin tó fi N bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní,
"ìdí ọ̀rọ̀ ni N ń jókòó sí.
Wọ́n tún ní eré mìíràn,
bí ohun tí o dárúkọ bá ti parí sí N, o ti jáde nìyẹn."
Dúnsìn ń fi ìka kà á: "O, r, i, n.
Orin fúnra rẹ̀ ti jáde nìyẹn."

Ìyá ń bó ẹ̀gúsí nínú òkùnkùn.
Láti ìrọ̀lẹ́ kò fọwọ́ kan abọ́.
"Ẹ fún mi ní N yẹn," ó ní.
Ó wú ikọ́.

*N ò tí ì ti ilẹ̀kùn o,
n ò tí ì pa fìtílà.*

Orin tí à ń gbọ́ lára ògiri rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá,
tí a rò pé àdúrà ni.

Ṣówèmímọ́ yọ bíírò.
Ó gbé e lé ojú ìwé náà, kò kọ nǹkan kan,
bíírò ń tu yíǹkì sí ojú kan ṣoṣo.

Lójijì iná dé.
Ẹ̀rọ jí, ó ń lu orin tí kò ní olórin,
lẹ́tà àjèjì ń sáré kọjá lójú rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó gbé máíkì.
Ìyá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ pa á,
ẹ̀gúsí òun ò tíì tán.