Gbèsè Èémí

Dókítà ọsibítù Wẹ́sílè ní kí n máa sáré.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ ra búrẹ́dì.
Èmi Ìbídùnní, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta,
tí mo ti wà lórí àga ìránṣọ
láti ìgbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra bọ́tìnnì.
Mo bi í pé: "Dókítà, kí ni yóò máa lé mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Àgbà kì í dédé sáré:
bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.
Ta ni yóò rí mi ní Ẹrẹ́jà ní kùtùkùtù
tí kò ní bi mí pé ilé ta ló ń jóná?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti eré ti kẹ̀yìn síra wa.
Ọjọ́ ìdíje ilé ìwé ni. Èmi ni mo kẹ́yìn,
mo tún ṣubú,
yẹ̀rì mi já bọ́ lójú gbogbo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Nọ́ọ̀sì Fádérera ló pè mí sẹ́yìn òpó.
Ó fi ohùn kékeré sọ pé: "Màmá, ọkàn ò mọ eré.
Kí ó ṣáà ti lù kìkì ló mọ̀,
kí òógùn bọ́, kí ọ̀rọ̀ má lè gùn lẹ́nu yín.
Ohunkóhun tó bá ti mú un lù, oògùn ni."

Mo ń rò ó títí mo fi délé.
Ẹsẹ̀ Òkè Ìmọ̀ ni ilé wa wà,
àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún, mo kà á.
Tẹ́lẹ̀, ọmọ ni mo máa ń rán:
"Lọ bá mi mú àlùmọ́gàjí wá."
Ní báyìí, ara mi ni mò ń rán níṣẹ́.
Mo gòkè lọ mú òwú. Mo sọ̀ kalẹ̀.
Mo tún gòkè lọ mú abẹ́rẹ́
tó yẹ kí n ti mú pẹ̀lú òwú.
Ìgbàgbé tí mo ń bú lójoojúmọ́ wá di olùkọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́rẹ́nikéjì, ọmọ ọmọ mi, na okùn sí mi.
"Màmá àgbà, ẹ fò!"
Mo fò lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ mì. Adìẹ sá.
Lọ́jọ́ kejì, mọ́kànlá.
Nígbà tó yá, mo ka mẹ́tàdínlógójì
kí okùn tó kọ́ mi lẹ́sẹ̀.
Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, ó ní ṣé kò sí?
Mo ní: mò ń lé nǹkan ni.

Ṣùgbọ́n ìlóṣòó gan-an ni tèmi.
Fádérera ní, "Ẹ lóṣòó, ẹ dìde, ẹ ṣe é lógún ìgbà,"
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ kọ́?
Bàbá mi ru aṣọ dé Ọ̀fà, ó rù ú dé Ṣakí,
ó tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀,
kò ní jókòó, kò ní gba omi:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Itan rẹ̀ le bí odó.
Ó dàgbà, ó darúgbó,
kò mọ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè,
mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara mi.
Ó jẹ mí ní èémí,
ogójì ọdún tí mo fi jókòó, mo ní ìwé rẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ ń bẹ̀ mí pé kó di ọ̀la.
Orúnkún ní òun ò sí nílé,
bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú yàrá: kọ́, kọ́.
Mo lóṣòó. Mo dìde. Mo lóṣòó.

Lóṣù tó kọjá, dókítà so ìgbànú rẹ̀ mọ́ mi lápá,
ó fẹ́ ẹ, ó wò ó,
ó tú u, ó tún un so.
"Màmá, ẹ ti wá ń sáré nìyẹn?"

Rárá o.
Gbèsè ni mò ń gbà.