Òkun Nínú Ògiri

Ọdún méjìlélógún ni mo fi gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá,
ní Wínípẹ̀gì, ní òpópónà Brọ́díwéè,
bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀,
ibọ̀wọ́ lọ́wọ́, etí nínú fìlà onírun,
mò ń lọ síbi tí mo ti ń wẹ arúgbó, tí mo ti ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ògiri ni ògiri í jẹ́. Ta ní í kí ògiri?

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo rí ìwé pélébé kan
lára pátákó ilé ìkówèésí:
“Ẹ wá mọ òkúta ìlú yín. Ọ̀fẹ́ ni. Alẹ́ Ọjọ́rú.”
Mo ní, òkúta kẹ̀? Mo sì kọ orúkọ mi.

Morádékẹ́ ọmọ mi pè láti Kálígárì:
“Mọ́mì, ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n máa fún yín?”
Mo ní wọn ò ní fún mi ní nǹkan kan.
“Ṣé ẹ tún fẹ́ wáṣẹ́ ni?”
Mo ní iṣẹ́ ti tó mi.
Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó dáa, ẹ ṣáà máa wọ kóòtù yín.”
Ìyá Ẹniọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tiẹ̀ fi bò:
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, òkúta ló ń kà,
bí ẹni pé èyí tó ń ṣà nínú ìrẹsì kò tíì sú u!

Ọ̀gbẹ́ni Friesen, bàbá tínrín tí yìnyín ń so mọ́ irun imú rẹ̀,
kó àwa mọ́kànlá síta,
ó fún mi ní awò tó ń sọ kékeré di ńlá,
ó ní kí n sún mọ́ ògiri ilé ìjọba.
Mo sún mọ́ ọn. Èémí mi bò ó. Mo fi ibọ̀wọ́ nù ún.

Ìgbín ni.

Ìgbín tó ká ara rẹ̀ jọ bí ẹni tó sùn,
ìṣáwùrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ohun kan bí afárá oyin,
ohun kan bí ìwo màlúù, tó gùn ju apá mi lọ.
Friesen ní òkun ni gbogbo ibí yìí rí,
òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wà tí yóò fún un lórúkọ;
ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló dì, tó di òkúta tí wọ́n gé kọ́lé.
Òkun! Ní ìlú tí itọ́ ti ń dì kó tó kanlẹ̀.
Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù;
wọn ò sọ ohun tó ń ṣe ojú tó rí òkun nínú ògiri.
Ojú tèmi ṣomi. Omi náà fẹ́ẹ̀ dì lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

Nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń padà sílé,
ni ọmọdébìnrin kan wá jókòó tì mí nínú ara mi.
Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Òkè-Ìmẹ̀sí,
eruku lẹ́sẹ̀, òkúta mẹ́rin ní dídì sí igun aṣọ.
Ó bi tíṣà pé, “Kí ló wà nínú òkè?”
Tíṣà ní kò sí nínú ìdánwò.
Ó ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè.
Àṣé kò tíì dìde láti ọjọ́ náà.
Gbogbo ìgbà tí mò ń yege, tí mò ń tọrọ físà,
tí mò ń ka ìwé tí yóò di owó,
tí owó ń di ilé, tí ilé ń di gbèsè báńkì,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.
Mo ní, “Sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ. Dìde. Bi mí.”

N kò mọ ìdáhùn púpọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbàgbé orúkọ ìgbín yẹn,
ó gùn, ó sì ń dùn lẹ́nu bí oríkì ìdílé onídìílé.
Kọ́bọ̀ kan kò bọ́ sí àpò mi.
Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, òtútù ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
tí n kò níbi kan tí mò ń lọ,
mo wọ bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ààbọ̀,
mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú ògiri,
mo bọ́ ibọ̀wọ́ kan,
mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o.”