Ìka Kẹfà

Ní Hull, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń fọ́n wínníwínní,
wọ́n gbé apá àbùùbùtán kan wọ yàrá iṣẹ́ wa
lórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó bíríkì.
Òkun ló gbé ẹranko náà jù sórí iyanrìn Withernsea.
Òórùn rẹ̀ bá mi wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mọ́kànlá;
ẹni tó bá jókòó tì mí á rọra ṣí fèrèsé,
á ṣe bí ẹni pé ooru ló ń mú òun.
Ooru, ní Hull!

Maureen Thackray ní kí n bọ́ ẹran kúrò lára eegun.
“Má kánjú,” ó wí. “Eegun kì í purọ́,
ẹni tó ń kà á ló ń ṣì í kà.”
Mo fi ọ̀bẹ là á, mo sè é nínú omi ọṣẹ.
Mo ti rò ó pé pákó pẹlẹbẹ kan ni n óò bá níbẹ̀,
ohun kan bí àjẹ̀ àwọn apẹja.
Ọwọ́ ni mo bá.

Ọwọ́ o! Apá kúkúrú, ìgbọ̀nwọ́ tó ti gan,
ọrùn ọwọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò,
ìka márùn-ún nínú ìbọ̀wọ́ ẹran
tí ẹnì kankan ò bọ̀ lọ́wọ́ rí.
Ìwọ tí ìlú bù, bù, bù, tí o ò tán,
ìwọ náà lọ́wọ́?

Maureen rẹ́rìn-ín, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ.
Àdán, tí a ní kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ:
ìka rẹ̀ nà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irin inú agbòjò.
Ẹṣin: ìka àárín nìkan ló kù fún un,
èékánná rẹ̀ ló di pátákò,
orí ìka kan ṣoṣo ló ń sáré lé látàárọ̀ ayé.
A máa ń sọ nílé pé ìka ò dọ́gba.
A ò tíì rí nǹkan kan.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà mi.
Létí ọwọ́ òsì, àpá kan wà tó tó hóró ìrẹsì.
Mẹ́fà ni mo gbé wáyé. Ní Ìkìrun,
nọ́ọ̀sì kan fi òwú dúdú so ìkẹfà
títí ó fi gbẹ, tó já sínú aṣọ ìtẹ́dìí.
Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kà mí kí òwú tó dé:
ó máa ń ka ara ọmọ tuntun bí ẹni ka lẹ́tà,
irun tó ta kókó, ẹsẹ̀ tó ṣáájú orí,
ìwọ́ tó lọ́ mọ́ ọrùn,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó ń dúró dè é.
Olúgbọ́dí, ó wí. Ó tán.

Nílé, wọ́n gé ìka, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀.
Níbí, ìka ò dí wọn lọ́wọ́;
orúkọ ni wọ́n gé. “Olu” ti tó, wọ́n ní, ó rọrùn lẹ́nu.

Mo fi àpá náà han Maureen.
Kò káàánú mi. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè,
ó wò ó pẹ́, ó ní ẹranko àtijọ́ kan wà
tó jẹ́ ìka mẹ́jọ ló fi ń wa omi
kí ilẹ̀ tó mọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.
“Márùn-ún kì í ṣe òfin,” ó wí. “Àṣà lásán ni.”
Ó padà sídìí tíì rẹ̀ tó ti tutù.

Alẹ́ lẹ́, mo to eegun náà sórí iyanrìn gbígbẹ,
oríkèé tẹ̀ lé oríkèé.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá.
Kò sí nǹkan níbẹ̀.
Mo so páálí kékeré mọ́ ọn.
Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó tò ó,
mo kọ Olúgbọ́dí, pẹ̀lú àmì orí àti tìsàlẹ̀.
Ó gùn kọjá ìlà.
Mo jẹ́ kó kọjá.